Àga tí Mátíróònù Dá Padà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín. Bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, mo mọ ara mi, màá kí yín títí ìwé á fi kún, mi ò sì ní sọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mátíróònù, ìyá ọkọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọn ò wá kí wa lásán o. Láti ìgbà tí ọdún tó kọjá ti ń parí lọ ni wọ́n ti wà níbí. Yàrá tí a kùn lọ́dà sílẹ̀ dè yín, òun ni wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀dì tí a rà nítorí ẹ̀yìn yín, òun ni wọ́n ń sùn lé.

Mo ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká ìwé yìí. Ẹ wá nǹkan jókòó lé kí ẹ ka èyí tó kù.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gbọ́ràn? Ọ̀gá Kékeré, ọmọ-ọmọ yín, ti ń fi àyà wọ́ nílẹ̀, ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tó, ẹnu ló ń gbà lọ. Tó bá sùn, mo máa ń fọwọ́ kàn án kí n lè mọ̀ bóyá ó ń mí. Ọkọ mi ní bí mo bá ń jí ọmọ tó ń sùn láti mọ̀ bóyá ó ń sùn, ìgbà wo ni ọmọ náà máa wá sùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìgbàgbé ti mú Mátíróònù. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń wá gíláàsì tó wà lójú rẹ̀. Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n jáde nílé, nígbà tí wọ́n máa padà, wọn ò mọ ilé tó jẹ́ tiwọn mọ́. Àwọn aládùúgbò wọn ló pe ọkọ mi. Òun nìkan ni wọ́n bí. Ta ni ì bá tún lọ mú wọn wá?

Mi ò gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n lọ sílé ọkọ, ẹ fi igi tó dáa jù ní ilé iṣẹ́ yín kan àga alápá fún wọn, kí ilé méjèèjì lè di ọ̀kan. Màámi rán tìmùtìmù rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọlanke gbé e padà dé, wọ́n ní kí á sọ fún káfíńtà pé àga ò wọ́n àwọn nílé. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́mọlanke náà. Mo rí ojú yín, mo rí ti Màámi.

Mi ò lè sọ èyí lórí fóònù. Ẹ̀rọ ìlapákó ti gba etí lọ́wọ́ yín, bí mo bá ń pariwo irú ọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kí ẹ̀yin tó gbọ́. Ẹ má torí èyí ní ẹ ò wá mọ́. Ẹ ò tíì fojú kan ọmọ yìí rí. Ẹ máa wọ yàrá tiwa, àwa á wà ní pálọ̀.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ọmọ Káfíńtà,

Ìwé rẹ dé. Mo dúpẹ́ pé Ọ̀gá Kékeré ń wọ́. Má jẹ́ kó wọ́ dé ibi iná. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n òun náà ti di ará ilé, mo máa ń kí i láàárọ̀.

Mo ka ìwé náà, mo pa á dé, mo lọ rẹ́ pákó. Nínú gbogbo pákó tí mo rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó tọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà bi mí pé, “Ọ̀gá, ta ló kú?” Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ẹnì kan ló jíǹde.

Mi ò ní kí o lé e síta. Alàgbà ìjọ ni mí. Ẹnu tí mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìfẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, mi ò lè fi sọ pé kí ọmọ mi lé arúgbó. Ṣe ohun tó tọ́. Fún un lóúnjẹ, wẹ̀ ẹ́, bò ó láṣọ. Ohun tí mo lè ṣe mọ nìyẹn. Má wá sọ pé kí èmi náà wá jókòó níwájú rẹ̀ kí n máa rẹ́rìn-ín.

Àga yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Mo fi àpò bò ó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìdí kàn án. Oníbàárà kan ní òun fẹ́ rà á, mo ní kì í ṣe títà. Ó ní kí ló wá wà fún, mo tún fa àpò bò ó. Ìyá rẹ fi ojú tó ti ń ṣú rán tìmùtìmù yẹn, ó sì lọ sínú ilẹ̀ láìgbọ́ “ẹ ṣeun” tàbí “ẹ má bínú”.

Kí obìnrin yẹn bẹ̀ mí. Ọjọ́ tó bá bẹ̀ mí ni màá di ẹrù mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìrọ́jú.

Wọn ò lè bẹ̀ yín. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ ni. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ wọn ti gbéyàwó. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n pè mí, wọ́n sì rò pé ilé wa yìí ni ọsibítù tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ wo bí ọjọ́ mi ṣe ń rí. Ọkọ mi ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù-sí lálẹ́, èmi ń fọṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, kí ẹnì kan lè máa wà nílé pẹ̀lú wọn. Bí mo bá ti dé, lẹ́yìn gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo ti fọ̀ tí mo ti lọ̀, Mátíróònù á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Nọ́ọ̀sì, ó pẹ́ o dé. Jẹ́ kí n wo èékánná rẹ.” Bàbá, màá na ọwọ́. Wọ́n á wò ó síwá sẹ́yìn. Wọ́n á mú mi lọ síbi bẹ́ẹ̀dì: “Ta ló tẹ́ èyí? Ṣé ewúrẹ́ ló máa sùn lé e?” Wọ́n á tú u palẹ̀, màá tún un tẹ́. Èmi tí hòtẹ́ẹ̀lì ń sanwó fún nítorí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Mo ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti rù, ara wọn ti sún kì. Mo ń fún wọn lóúnjẹ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Bí wọ́n bá ti tọ̀ sára, mo ń pàrọ̀ aṣọ wọn, mo sì ń pàrọ̀ ti Ọ̀gá Kékeré. Ní ìjọ wa níbí, wọ́n dúró kí mi níwájú gbogbo èèyàn pé mo jẹ́ àpẹẹrẹ ìfẹ́ Kristi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tí mo délé, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó máa dà kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ mi, mo sunkún.

Torí irọ́ ni. Mi ò fẹ́ràn wọn. Ọwọ́ mi ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Bí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní kí wọ́n dá àga Bàbá mi padà ni mò ń rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa láti kékeré pé ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, pé ohun tí Kristẹni bá ṣe láìsí ìfẹ́, asán ni. Ṣé asán ni mo ti ń ṣe láti ìgbà yìí wá? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí èsì yín, mo tún kọ òmíràn. Ṣé ìbéèrè mi ló bí yín nínú? Àbí ara ò yá?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà wà lálàáfíà, ẹ fọkàn balẹ̀ kí ẹ tó kà síwájú.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi lẹ́nu iṣẹ́, mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Ọkọ mi ń sùn. Mo wọlé, Mátíróònù ò sí, ọmọ ò sí. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bàbá, mi ò mọ irú igbe tí mo ké, ọkọ mi ní ẹsẹ̀ òun ti délẹ̀ kí òun tó jí. A sá gba òpópónà, a ń bi àwọn tó ń tajà, a ń bi awakọ̀. Aláta kan ló ní òun rí ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ pọ̀n, tó ń rìn bí ọ̀gá ológun.

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà lópin òpópónà la ti bá wọn. Wọ́n jókòó láàárín àwọn abiyamọ, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, ó ti sùn, wọ́n dè é dáadáa ju bí mo ṣe máa ń dè é lọ, wọ́n tiẹ̀ rántí dé e ní fìlà. Wọ́n ń bá nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wí pé ilẹ̀ ò mọ́. Wọ́n rí mi, wọ́n ní, “Ìwọ nọ́ọ̀sì yìí, ọmọ yìí ò tíì wọn ìwọ̀n oṣù yìí. Bí mi ò bá ṣe é, ta ló máa ṣe é?”

Mo já ọmọ gbà. Mo pariwo lé wọn lórí níwájú gbogbo èèyàn. Ojú wọn rí bíi ti ọmọdé tí wọ́n gbá létí tí kò mọ ohun tó ṣe.

Bí wọ́n bá ti yà síbi títì ńkọ́? Ọkọ mi ti lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan. Kò burú níbẹ̀, ó mọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn. Àyè kan ṣí sílẹ̀, wọ́n á dì í mú dè wá títí ìparí oṣù kẹfà. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá sọ ni òun máa ṣe. Ó wò mí, ó yí ojú kúrò. Mo mọ ohun tó fẹ́ àti ohun tó ń bẹ̀rù.

Bí wọ́n bá lọ, ẹ máa rí yàrá yín gbà, ẹ ó sì wá. Kí ni kí n ṣe? Ẹ sọ̀rọ̀, Bàbá mi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ọmọ Káfíńtà,

Mo gba ìwé méjèèjì. Mo ti dúpẹ́ lórí ọmọ náà. Ẹ kan ìkọ́ ìtìlẹ̀kùn sókè ìlẹ̀kùn, kó ga ju ọwọ́ ìyá náà lọ.

Wọn ìyá náà fún mi, kí o sì fi ìwọ̀n wọn ránṣẹ́ kíákíá. Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe fún wọn. Mi ò fẹ́ kó pẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn.

Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, mo fún ọkọ mi kà. Mo bi yín ní ìbéèrè, mo sọ ìdààmú mi fún yín, ohun tí ẹ fi dá mi lóhùn ni kí n wọn àna yín bí ẹni ń wọn òkú. Bàbá, mo dàgbà sínú ilé iṣẹ́ yín. Mo mọ ohun tí káfíńtà fẹ́ kàn bó bá ní kí wọ́n wọn arúgbó wá fún òun kíákíá. Ṣé pósí lẹ fẹ́ fi gbẹ̀san àga?

Wọn ò tíì kú. Ẹ gbọ́, wọn ò tíì kú. Láàárọ̀ yìí wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n mu tíì, wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ kéré. Wọ́n ti kọ́ Ọ̀gá Kékeré ní bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ikọ́ ń hà á láyà, èmi ń sá kiri inú ilé bí adìyẹ tí òjò pa, àwọn ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé orí itan, tí wọ́n rọra ń gbá a lẹ́yìn títí ó fi mí dáadáa. Wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù kì í tọ́jú aláìsàn.” Wọn ò mọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n fi ọwọ́ nu ojú mi. Ẹ ò gbọdọ̀ kan pósí dè wọ́n. Mi ò ní wọ̀n wọ́n. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́, ǹ bá ti bá a jà.

Ìgbà tí mo kọ èyí tán ni mo jókòó, tí mo tún un kà. Mi ò mọ ìgbà tí mo di ẹni tó ń gbèjà wọn.

Ẹ dárí jì mí bí mo bá sọ̀rọ̀ jù.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Ọmọ Káfíńtà tó ti gbàgbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀,

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn mi fi rán mi létí pé òun wà níbẹ̀. Òkú ni a ń wọ̀n láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó ń jókòó, ẹ̀yìn orúnkún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mi ò sọ ọ́ yé ọ, ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́ ni. Àga ni.

Àga yẹn ni. Obìnrin tó sanra, tó ń nàró bí òpó, ni mo kàn án fún. Bí o ṣe ròyìn wọn, ó dájú pé wọ́n ti sún kì. Ẹsẹ̀ wọn ò ní kan ilẹ̀. Mo fẹ́ gé e kúrú.

Ṣé o rántí pé o bi mí ní ìbéèrè? O ti dá ara rẹ lóhùn. Ẹni tí kò fẹ́ràn èèyàn kì í torí rẹ̀ bá bàbá rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi sí i. Nínú iṣẹ́ wa, ọ̀dà ni ojú ń kọ́kọ́ rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa nínú ìjọ rò pé bí ọ̀dà ni ìfẹ́ ṣe rí, pé èèyàn á gbààwẹ̀ tán, á kọrin tán, á ṣe rere tán, á wá fi ìfẹ́ díẹ̀ kùn ún kó lè dán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkèé ni ìfẹ́. Bí ẹsẹ̀ àga kò bá wọ inú ìdí rẹ̀ kó dì í mú, kùn ún bó ṣe wù ọ́, gbàdúrà lé e, ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó lé e, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tí kò ní ìfẹ́ ṣe rí.

Ṣùgbọ́n oríkèé kì í wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A ń gbẹ́ ẹ, a ń dán an wò, kò wọ̀, a tún ń gbẹ́ ẹ. Gbogbo ẹsẹ̀ tí o fọ̀ pẹ̀lú ọkàn líle yẹn, asán kọ́. Gbígbẹ́ ni. Ọlọ́run ló mọ ìgbà tó wọ̀.

Ní tèmi, mo ní kí ìyá náà bẹ̀ mí ná. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, èmi ni mo dúró níwájú tí mò ń ṣàlàyé pé Olúwa wa kò dúró de ẹ̀bẹ̀ wa kó tó fẹ́ràn wa. Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n rò pé ikọ́ ni. Ẹni tó jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀ ti gbàgbé, èmi nìkan ló kù tí mo ń gbé e kiri.

Ti ilé ìtọ́jú, mi ò ní pàṣẹ. Ìfẹ́ lè gbé ibẹ̀ náà. Ìwọ àti ọkọ rẹ ni ẹ mọ agbára yín. Ṣùgbọ́n mo rò ó: ìyá yìí ò sá kúrò nílé, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n lọ. Ọ̀gá tó bá ní àga tirẹ̀ níbi iṣẹ́ kì í rìn kiri. Gbé àga náà sí tòsí ìlẹ̀kùn, kí wọ́n máa ṣọ́ ọsibítù wọn.

Wọ̀n láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn ìbàdí. Wọ̀n láti ìjókòó dé ìgúnpá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi tí mo bá jà,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Ojú ń tì mí. Ọkọ mi ti fi ọ̀rọ̀ pósí ṣe orin, bí mo bá ti gbé téèpù jáde láti rán aṣọ, á ní, “Ta ló tún kàn?”

Mo wọ̀n wọ́n. Ìwọ̀n náà wà nínú bébà tí mo ká sínú ìwé yìí.

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo wọ bàtà fún wọn, mo fi téèpù sí ẹ̀yìn orúnkún wọn. Ó rìn wọ́n lára, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí, Bàbá. Bíi ti Ọ̀gá Kékeré ló rí. Wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, kí lo ń wọ̀n?” Mo ní káfíńtà kan fẹ́ kan àga fún yín. Wọ́n ní, “Káfíńtà kan ti kan àga fún mi rí.” Ọwọ́ mi dúró. Mo ní, “Ṣé ẹ jókòó lé e?” Wọ́n ní rárá, wọ́n ní ẹnì kan dá a padà. Mo ní, “Ta ló dá a padà, Mà?”

Wọ́n bínú. Wọ́n ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni náà ò lẹ́kọ̀ọ́. Èèyàn gbé ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nǹkan fún ọ, o ní kí wọ́n gbé e padà? Kí wọ́n pe ẹni náà wá, kó bẹ káfíńtà náà.” Wọ́n wò mí. “Àbí ìwọ ni?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà.” Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo dìde, mo lọ bá ọkọ mi, mo ní kó lọ sọ fún ilé ìtọ́jú pé kí wọ́n fún ẹlòmíì ní àyè náà. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kò dá mi lójú, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n kó lọ. Ó ti kan ìkọ́ ìtìlẹ̀kùn sókè ìlẹ̀kùn.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ níbi tí kò sẹ́ni tó lè rí mi. O ti bá mi gba ẹ̀bẹ̀ náà, ìwọ tí kò ṣẹ̀. Ó ti tó. Mi ò fẹ́ òmíràn.

Mo tú àga náà. Kò rọrùn. Nígbà tí mo kàn án, mo kàn án pé kó má tú láéláé, kò sí ìṣó irin kankan nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ti àná àti ọwọ́ mi ti òní ló ń bá ara wọn jà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bí ìwọ̀n rẹ ṣe wí, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ rẹ lè mọ èyí tó máa kọ́kọ́ tò. Ìṣó igi wà nínú ike kékeré.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ń bọ̀ lọ́hùn-ún wá kí ọmọ rẹ̀. Ó gbà láti bá mi gbé e, ó ní ẹrù òun ti wá dà bí ẹrù onígi ìdáná. Kí i dáadáa.

Tìmùtìmù náà wà níbẹ̀. Mo gbọn eruku rẹ̀, mi ò fọ̀ ọ́. Ojú abẹ́rẹ́ ìyá rẹ ṣì le.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Kò ní rẹ ọwọ́ yín láéláé. Àga ti dé, àga ti dúró.

Ọkọ mi tò ó láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó kọ́kọ́ to apá ọ̀tún sí òsì, ó ní nọ́ńbà yín ni kò dáa, mo ní kó yí bébà tó dì mú padà. Nígbà tó tò ó tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó lé e nínú àwa méjèèjì. Mátíróònù jáde láti yàrá, wọ́n wò ó yípo, wọ́n fi ìka nù ún wò bóyá eruku wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó. Ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga. Wọ́n ní, “Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ mí.”

Ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn la gbé e sí. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò tíì fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn. Àlejò tó bá wọlé, wọ́n á béèrè káàdì rẹ̀. Ọkùnrin tó wá ka mítà iná, wọ́n ní kó lọ jókòó kó dúró de dókítà, ọkùnrin náà sì jókòó. Ọ̀gá Kékeré ti ń di ẹsẹ̀ àga mú láti fi dìde. Bó bá ṣubú, Mátíróònù á ní, “Tún un ṣe.” Á tún un ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dára. Lánàá, wọ́n da tíì sí mi lára, mo bínú, mo gbá ìlẹ̀kùn dé. Ṣùgbọ́n mo padà lọ, mo sì fẹ́ padà lọ. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ti sùn, mo máa ń fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ Màámi létí tìmùtìmù.

Wọ́n ń béèrè káfíńtà náà. Lójoojúmọ́ ni. Wọ́n ní kò bójú mu kó ṣe irú iṣẹ́ yìí kí àwọn má rí i kí àwọn kí i. Mo ní ó ń bọ̀. Ẹ má sọ mí di òpùrọ́. Àwa ti kó lọ sí pálọ̀, yàrá wa ti di tiyín, mo sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mátíróònù ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó yege.

Ohun kan ló kù tó ń dà mí láàmú, ẹ mọ̀ mí. Ìṣó igi kan ṣẹ́kù nínú ike. Ọkọ mi ní àfikún ni, ó ní àga náà dúró dáadáa. Èmi ò gbà. Ẹ kì í fi igi ṣòfò. Mo ti wá ihò rẹ̀ títí, mi ò rí i, bí wọ́n bá sì ti fẹ́ jókòó báyìí ni mò ń sáré lọ di ẹ̀yìn àga mú. Ẹ sọ ibi tó wọ̀ fún mi, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa dé. Bó bá jẹ́ ohun tí ojú yín gbọ́dọ̀ rí ni, ẹ wá wò ó fúnra yín.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ tètè fèsì.

Èmi ọmọ yín, Ọmọ Káfíńtà.